Ìparí Tí Kò Tẹ́ni Lọ́rùn: Ọ̀rọ̀ lórí Fíìmù Kan Tí A Yà ní Treichville

Ní Ọjà Ńlá Treichville ní ìlú Abidjan, níbi tí àwọn Yorùbá, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó, ti ń tajà láti ayé àwọn baba wọn, ọ̀nà méjì ni a lè gbà ra aṣọ àǹkárá. Bí ẹni tí ń tà á bá jẹ́ àjèjì sí wa, a ó tú aṣọ náà, a ó wọ̀n ọ́n, a ó rí i dájú pé ó pé ọ̀pá 6, èyí tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní pagne 3, a ó sì wo etí rẹ̀ kí a tó ka owó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tí a ti ń bá rajà láti ọdún mẹ́wàá, a kì í wọ̀n ọ́n mọ́. A ó gba aṣọ ní kíká, a ó kí i kú ọjà, a ó sì máa bá tiwa lọ. Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ aránṣọ tí aṣọ náà kò sì pé, kì í ṣe ọ̀pá kan tí ó dín nìkan ni ó ń dùn wá. Ohun tí ó ń dùn wá jù ni pé a kò wọ̀n ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ẹni tí ó lọ wo sinimá. Bí olùdarí tí a kò mọ̀ rí bá ṣe fíìmù tí ìparí rẹ̀ kò dára, a ó rẹ́rìn-ín, a ó dìde, a ó sì ti gbàgbé rẹ̀ kí a tó dé ilé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tí a ti wo iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí a sì ti ń yìn ín fún àwọn ọ̀rẹ́ wa, ìparí tí kò tẹ́ni lọ́rùn a máa dà bí ìrẹ́jẹ. Mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò díẹ̀, nítorí mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ìjákulẹ̀ irú èyí ni ó jẹ́ ẹ̀bi olùdarí, àti pé ó kéré tán, ìjákulẹ̀ kan wà tí ó bí iṣẹ́ tuntun ní ilẹ̀ Áfríkà. Àpẹẹrẹ tí mo mú kò jìnnà sí ọjà tí mo dárúkọ yìí. Fíìmù kan ni, tí a yà ní àdúgbò ọjà náà ní ọdún 1957.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí Treichville ti rí nígbà náà fún ẹ̀yin tí ẹ ti Tógò, Nàìjíríà tàbí ibòmíràn wá, tí ẹ kò tíì débẹ̀. Orí erékùṣù Petit-Bassam ni ó wà, ní apá gúúsù ọ̀sà. Plateau, níbi tí àwọn òyìnbó aláṣẹ ti ń ṣe ìjọba, wà ní òdìkejì omi. Àwọn òpópónà Treichville gún régé, nọ́ḿbà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ dípò orúkọ. Ní 1950 ni a la ọ̀nà omi Vridi láti inú ọ̀sà jáde sí òkun, kí àwọn ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Láti ìgbà náà ni èbúté Abidjan ti ń gba alágbàṣe bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń gba òjò. Wọ́n ń wá láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, láti Mali, láti Niger, láti Dahomey tí ó di Benin, àti láti Nàìjíríà pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Èjìgbò wà lára àwọn tí ó fi ibẹ̀ ṣe ilé kejì. Ní 1957 a ṣí afárá Houphouët-Boigny. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ ní Plateau yóò gba orí rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀, yóò sì padà sí Treichville ní alẹ́.

Ní ọdún yìí kan náà ni Jean Rouch, ará Faransé, ya fíìmù tí ó pè ní Moi, un Noir, èyí tí a lè túmọ̀ sí Èmi, Aláwọ̀ Dúdú. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó gbé Rouch dé Niger ní 1941. Lẹ́yìn náà ni ó di olùwádìí àṣà àti ìgbé ayé àwọn ènìyàn, tí ó sì ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ Niger tí ń wá iṣẹ́ lọ sí etí òkun. Kò kọ eré sílẹ̀ fún àwọn tí ó yà. Ó ní kí wọ́n máa gbé ayé wọn níwájú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fi àlá wọn kún un bí ó bá ti wù wọ́n. Ẹ̀rọ náà kò tó nǹkan: a ń fi ọwọ́ yí i bí a ti ń yí aago, kò lè ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25 lọ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dúró, kì í sì í gba ohùn. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a ti ya àwòrán tán ni a gbé e ka iwájú Oumarou Ganda, ọ̀dọ́mọkùnrin Niger tí ó jẹ́ olórí eré náà, tí òun sì ń sọ̀rọ̀ bí ó ti ń wo ara rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń rántí ìgbà tí ó ti kọjá ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí ní tòótọ́.

Nínú fíìmù náà, Edward G. Robinson ni Ganda ń jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Petit Touré, tí ń kiri aṣọ tà, ń jẹ́ Eddie Constantine. Ẹnì kan tí ń wa takisí ń jẹ́ Tarzan, ọmọbìnrin tí Robinson sì ń fẹ́ ń jẹ́ Dorothy Lamour. Orúkọ inú sinimá ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí inú àwọn orúkọ wọ̀nyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìparí wà. Nígbà náà, Eddie Constantine tòótọ́ jẹ́ òṣèré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ń ṣe Lemmy Caution, ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bí Lemmy Caution bá lu ènìyàn, ẹni náà yóò ṣubú. Bí ó bá fẹ́ obìnrin, obìnrin náà yóò gbà. Bí fíìmù bá sì tó àkókò àti parí, òun ni yóò borí. Ọ̀dọ́ tí ó bá sọ ara rẹ̀ ní irú orúkọ yìí, kì í ṣe orúkọ nìkan ni ó yá. Ó yá ìparí pẹ̀lú.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kan ni fíìmù náà tẹ̀ lé. Robinson ń ru ẹrù ní èbúté, ó ń gba owó ojúmọ́ tí kò tó ná. Ní ọjọ́ Sátidé wọ́n lọ sí etí òkun, wọ́n wo ìjà ẹ̀ṣẹ́, Robinson sì lá àlá pé òun náà ti di ọ̀gá nínú àwọn tí ń ja ẹ̀ṣẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú ijó goumbé ń lọ, ọtí ń lọ, Dorothy Lamour sì ń bá ẹlòmíràn rìn, atukọ̀ ojú òkun kan tí ó jẹ́ ará Ítálì, tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé Robinson kan ilẹ̀kùn ọmọbìnrin náà. Atukọ̀ yìí ni ó ṣí i. Wọ́n jà, a sì lu Robinson. Kò ṣubú bí ọ̀tá Lemmy Caution ti ń ṣubú. Ṣe ni ó kàn lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó gbọ́ pé Eddie Constantine ti wọ ẹ̀wọ̀n oṣù 3 nítorí pé ó bá ọlọ́pàá jà. Robinson àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Petit Jules, ń rìn lọ lẹ́bàá ọ̀sà, ó sì ń sọ fún un nípa ogun Indochine, níbi tí òun ti jà fún Faransé. Ó ń sáré, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń ju àdó olóró. Ó ní òun ti ṣe gbogbo nǹkan, gbogbo rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó ní ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ iwájú dára. Níbẹ̀ ni fíìmù parí.

Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn Louis-Delluc fún ọdún 1958, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn sinimá tí ó níyì jù ní ilẹ̀ Faransé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò wò ó tí inú wọn kò ní dùn nígbà tí iná bá tàn. Wọ́n ti bá Robinson rìn fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ àlá rẹ̀ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nínú sinimá nípa alágbàṣe aláwọ̀ dúdú kan. Wọ́n sì fẹ́ mọ̀: ṣé ó rí iṣẹ́ gidi? Ṣé ó padà sí Niamey? Ṣé Eddie jáde nínú ẹ̀wọ̀n? Olùdarí kò dáhùn. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì lọ.

Ní tèmi, èmi kò ka ìparí yìí sí ìrẹ́jẹ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí a sọ nínú fíìmù yìí, ẹ̀wọ̀n tòótọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, ohùn Rouch sọ fún wa pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń jẹ́ Eddie Constantine fara wé Lemmy Caution tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù 3 nígbà tí a ṣì ń ya fíìmù náà lọ́wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí bí nǹkan ti rí: ẹ̀ṣẹ́ kan náà tí ó ń sọ òṣèré di akọni lójú aṣọ sinimá ni ó sọ akiri-aṣọ di ẹlẹ́wọ̀n ní Treichville. Bí Rouch bá ti wá ìparí dídùn lẹ́yìn èyí, tí Eddie jáde, tí Dorothy padà, tí Robinson rí iṣẹ́ sí Plateau, ìbá jẹ́ pé ó tún yá wọn ní ìparí Lemmy Caution lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí ó ti fi hàn wá pé kò bá wọn mu. Aṣọ náà kò pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á ti sọ fún wa, nígbà tí a ń dúnàádúrà, pé kò pé.

Èyí ni mo fi ń ya ìparí tí kò tẹ́ni lọ́rùn sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni èyí tí ó dúró lórí ìlérí tí fíìmù náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, àní bí ìlérí náà kò bá tilẹ̀ dùn mọ́ wa. Èkejì ni èyí tí ó da ìlérí náà. Rouch kan náà ni ó fún wa ní àpẹẹrẹ ìkejì. Fíìmù rẹ̀ tí ń jẹ́ La Pyramide humaine, tí ó jáde ní 1961, jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Abidjan, dúdú àti funfun, tí wọ́n jókòó sínú kíláàsì kan náà ṣùgbọ́n tí wọn kì í bá ara wọn ṣe ọ̀rẹ́. Ó kó wọn jọ, ó ní kí wọ́n ṣe eré nípa bí ìyàtọ̀ àwọ̀ ti ń ya àwọn ènìyàn nípá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni yóò fẹ́ràn ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ púpọ̀: iyàn tí wọ́n jà, ojú tí ó ń tì wọ́n, bí ẹnì kan ti ń pe ẹnì kejì wá sílé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ọ̀kan nínú wọn, Alain, bẹ́ sínú òkun láti orí ọkọ̀ tí ó ti rì sí etíkun, ó sì kú. Eré ni ikú náà. Kò sí ẹni tí ó kú ní tòótọ́. Èmi kò mọ ohun tí òkú yìí wá ṣe níbẹ̀. Ìbéèrè tí fíìmù náà bi wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ṣé dúdú àti funfun lè gbé pọ̀ nínú kíláàsì kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Omi òkun kò lè dáhùn rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí olùkọ́ ìṣirò bá rí i pé àkókò ti lọ, tí ó sì pa ojú pátákó rẹ́. Rouch fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ tún jáde ní òpin láti sọ fún wa pé ìtàn náà kọ́ ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe ọ̀rẹ́ tí àwọn ọmọ náà bá ara wọn ṣe nígbà tí a ń ya fíìmù. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi ìyẹn hàn wá? Ẹni tí ó ṣe Moi, un Noir kò yẹ ní ẹni tí ń fi ikú ẹlẹ́tàn pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé. Bí olùdarí tí a kò mọ̀ ni, n kì bá tí bínú.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àwa náà mọ àwọn oríṣi méjèèjì yìí. Àwọn tí ó wo Ayé ti Hubert Ogunde ní 1979 ti mọ̀ kí wọ́n tó san owó pé ẹni ibi yóò tẹ́. Bí wọ́n ti ń rí i nínú eré orí ìtàgé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Saworoidẹ ti Tunde Kelani, tí ó jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó fi òfin lélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tí ó bá dé adé idẹ ìlú Jogbo láìmu ìmùlẹ̀, tí a sì lu ìlù saworoidẹ nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, yóò kú. Nígbà tí Lágata, sójà tí ó fi ìbọn gba adé, wá kú nípa ìlù náà, kò sí ẹni tí ó lè ní a rẹ́ òun jẹ. Ọ̀pá 6 ni ó pè é, ọ̀pá 6 sì ni ó wọ̀n.

Èwo ni a ó wá sọ nípa fíìmù orí kásẹ́ẹ̀tì àti orí àwo, tí ìtàn rẹ̀ gbóná janjan, tí a sì já a ní agbede-méjì kí a lè lọ ra apá kejì? Mo mọ̀ pé oúnjẹ ni àwọn tí ń ṣe é ń wá. Ṣùgbọ́n n kò ka èyí sí ìparí rárá, nítorí náà n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí.

Ó kù ẹni kan tí a gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀ lórí Moi, un Noir: Ousmane Sembène, ará Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ó ti ṣe iṣẹ́ èbúté ní Marseille kí ó tó di òǹkọ̀wé àti olùdarí fíìmù. Ní 1965 òun àti Rouch jókòó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le. Ibẹ̀ ni Sembène ti sọ fún un pé ó ń wo àwọn ará Áfríkà bí ẹni ń wo kòkòrò. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Èyí tí wọn kì í sábà rántí ni pé ó yin Moi, un Noir níbẹ̀ kan náà, ó sì ní ọmọ Áfríkà ìbá lè ṣe irú rẹ̀ bí ó bá ní ohun èlò nígbà náà. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni pé fíìmù náà nílò àtẹ̀lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti Indochine dé, kò ní iṣẹ́. Òmìnira ti dé ní 1960. Kí ni ó ti dà? Ǹjẹ́ ohunkóhun yí padà fún un?

Ẹ wò ó bí ìbéèrè yìí ti yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń fẹ́ ìparí dídùn. Sembène kò béèrè pé kí Robinson fẹ́ Dorothy Lamour. Òun gan-an kì í fún ènìyàn ní ìparí dídùn: nínú Borom Sarret, fíìmù rẹ̀ ti 1963, ẹni tí ń fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù wá oúnjẹ ní Dakar padà sílé lọ́wọ́ òfo, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní àwọn yóò jẹun lálẹ́ náà, ó sì jáde. Ibi tí ó lọ, a kò mọ̀. Ohun tí ó ń bi Rouch ni pé ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dá ìtàn ẹlòmíràn dúró, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre: Rouch jàre pé kò parọ́ ìparí kan, Sembène sì jàre pé ẹni tí a yà ń bá ayé rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dúró.

Ìdáhùn kò ti ọwọ́ ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì wá. Oumarou Ganda padà sí Niger. Ó ti rí bí a ti ń ya fíìmù, ó sì gbà pé àwọn ohun kan wà nínú Moi, un Noir tí òun ìbá sọ lọ́nà mìíràn bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òun ni ó wà. Ní 1968 ó ṣe fíìmù tirẹ̀, Cabascabo, ní èdè Zarma, òun fúnra rẹ̀ sì ni olórí eré. Ní 1969 a fi í hàn ní Cannes. Sójà kan ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀, tí ó ti Indochine padà wá sílé. Ogun tí Robinson fi ẹnu sọ lẹ́bàá ọ̀sà Abidjan ni a wá rí gẹ́gẹ́ bí ìrántí sójà yìí. Ó dé pẹ̀lú owó. Gbogbo ènìyàn yí i ká, akọrin ń kì í, ó ń náwó fún ọ̀rẹ́ àti obìnrin. Owó tán, ọ̀rẹ́ sá. Ó wá iṣẹ́, kò rí i. Ní ìkẹyìn ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.

Ganda tún ṣe àwọn fíìmù mìíràn kí ó tó kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1981. Ọ̀kan nínú wọn, Le Wazzou polygame, gba ẹ̀bùn ńlá ní àjọ̀dún sinimá Ouagadougou ní 1972. Ṣùgbọ́n Cabascabo ni ó yẹ kí a wò tẹ̀ lé Moi, un Noir, ní alẹ́ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí àwọn ọmọ kíláàsì sì jiyàn lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn kan yóò ní ìgbà yìí ni ìtàn náà parí gan-an. Àwọn mìíràn yóò ṣàkíyèsí pé Ganda pẹ̀lú, nígbà tí ó wá kan òun, fi sójà náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko, kò sì sọ fún wa bóyá ohun tí ó gbìn hù.